Èémí Ìyáálé

Ẹ̀rín ni Mariamou ń rín lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí a ṣe ń dá èémí padà fún ẹni tí omi ti fẹ́ pa. Ẹ má tíì bá a wí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á rín in. Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi rán ọmọláńgidi kan, wọ́n ki òwú sí i nínú, wọ́n fi èédú ya ojú àti imú fún un. Nọ́ọ̀sì wá kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ẹnu lé e lẹ́nu níṣojú gbogbo ayé. Ẹ ní àdúgbò wo? Àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, torí àwọn ọmọ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì ń gbébẹ̀, mi ò sì wá ìjà.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni, ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba tí wọ́n ní àwọn ń yí ìlú padà. A kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní mùsíọ̀ bí ti àwọn Faransé mọ́, kámárádì ni gbogbo wa. Bí ẹnì kan bá kí ọ lójú títì pé "Ehuzu!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, tí o kò bá tètè dáhùn pé "Dandan!", wọ́n á máa wò ọ́ bí ọ̀tá ìlú. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin á lọ máa gbé igi kọ́ èjìká bí ìbọn ní pápá ilé ìwé, àwọn obìnrin á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa omi sísè, ẹ̀kọ́ nípa gọ́tà gbígbá, ẹ̀kọ́ nípa ohun gbogbo. Kò sẹ́ni tó lè sá, torí dẹlẹgé, olórí kòmíté àdúgbò, mọ ojú gbogbo wọn.

"Ohun kan wà," ni nọ́ọ̀sì wí, ó gbé ìka sókè, "tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, òfo ni gbogbo làálàá yín."

Ibẹ̀ gan-an ni Mariamou ti fi ẹnu sétí ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Àbí ọkọ ọmọláńgidi yìí ti rìnrìn àjò ni?" Háà! Ẹ̀rín bú. Èyí ń gbá èjìká èyí, ìyẹn ń fi ìborùn nu omijé. Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì ti sọ ohun kan ọ̀hún tán, ó ti ń sọ bí a ṣe ń di imú mú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rín. Idayatou ni, ìyáálé Mariamou. Ó ti sún dé iwájú pátápátá, ó na ọrùn, ó sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ kí òun náà fọwọ́ òun ṣe é. Ọmọ mẹ́ta ni Idayatou ti bí fún Liamidi gbẹ́nàgbẹ́nà, ọkọ wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nínú ilẹ̀. Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta kò ní fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó bi Mariamou léèrè, "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ?"

"Mo gbọ́ o, ìyáálé mi."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù nínú gbogbo wọn. Moustapha, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ní wárápá. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rìn ni àìsàn yìí ti ń gbé e ṣánlẹ̀ níbikíbi: ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́bàá iná, lẹ́bàá kànga. Ẹ sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe sí wárápá nílẹ̀ wa. Bó bá ti gbé èèyàn ṣubú, tí itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́nu rẹ̀, kálukú á sá sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ náà bá kàn, wárápá ti ràn án nìyẹn. Àwọn ìyá ń kọ́ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ láti kékeré: bí ẹ bá rí itọ́ tó ń hó, ẹ sá. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan Moustapha lásìkò yẹn àfi ìyá rẹ̀, òun náà á sì kọ́kọ́ fi aṣọ wé ọwọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, òwúrọ̀ ni. Mariamou ń fọṣọ lẹ́bàá kànga, omi kún ọpọ́n ńlá dé etí, Moustapha jókòó tì í, ó ń fi ọṣẹ ṣeré. Ọṣẹ tán. Mariamou ní, "Jókòó síbẹ̀, mò ń bọ̀." Ó wọlé lọ mú ọṣẹ mìíràn, kò pẹ́ rárá, kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ rí. Orí wà nínú ọpọ́n.

Igbe tó ké, ẹni tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ó fa ọmọ yọ. Ojú ọmọ ti yí funfun, itọ́ àti omi ọṣẹ ń hó lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ kò gbéra. Àwọn ará ilé rọ́ dé, kàkà kí wọ́n gbé ọmọ, ìyá ni wọ́n gbá mú, wọ́n ń wọ́ ọ sẹ́yìn. "Itọ́! Itọ́ wà lẹ́nu rẹ̀! Mariamou, fi sílẹ̀!" Ọmọ wá nà gbalaja sórí ilẹ̀, gbogbo wọn dúró yí i ká, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ tọ́wọ́ rẹ̀ kàn án.

Ilé ìdáná ni Idayatou ti jáde, eérú ẹja yíyan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kúrò lọ́nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka nu itọ́ kúrò lẹ́nu ọmọ, kò fi aṣọ wé ọwọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹnu lé e lẹ́nu. Àwọn èèyàn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibi tí wọ́n ti di Mariamou mú, ẹ̀yìn ìyáálé rẹ̀ nìkan ló ń rí: ó ń tẹ̀, ó ń gbéra, ó ń fi ọwọ́ tẹ àyà ọmọ, ó tún ń tẹ̀.

Moustapha húkọ́. Omi tú jáde lẹ́nu àti nímú rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹkún ọmọ a máa dùn! Mariamou já kúrò lọ́wọ́ wọn, ó fi orúnkún wọ́ dé ẹsẹ̀ Idayatou. "Ìyáálé mi, èmi lẹ jí. Kì í ṣe Moustapha, èmi lẹ jí o."

Idayatou fi etí ìró nu ẹnu. "Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ wa náà ni. Lọ wọ aṣọ gbígbẹ fún un." Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Liamidi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó pe Mariamou sí yàrá.

"Mariamou, ta ní ń fi ẹnu kan itọ́ wárápá?"

"Ìyá, nọ́ọ̀sì ló ní kí a..."

"Mo ní ta ní ń fi ẹnu kàn án! Ìwọ tó lóyún rẹ̀, tó bí i, ṣé o ti fi ẹnu kàn án rí?"

Mariamou wo ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó máa ń fi aṣọ wé.

"Ẹni tó ni àìsàn ni àìsàn kì í ràn," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó dè é ló tú u. Ó jẹ mẹ́ta tirẹ̀ tán, tìrẹ ló kàn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ìyá, ọmọ ò kú o."

"Torí àwọn èèyàn ń wò ó ló ṣe tú u. Lọ́jọ́ mìíràn tí kò bá sí ẹni tó ń wò ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ orí kodò! Ẹni tó bá kó ọmọ yọ nínú omi, òun ló tì í sínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún tí a ń sọ. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ní òun ń bá àjẹ́ jagun. Àwọn arúgbó obìnrin tí wọ́n mú ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n ní àwọn jẹ, odindi ìdílé á jókòó yí rédíò ká, ẹ̀rù á máa ba ọmọdé àtàgbà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà bọ́ sórí koríko gbígbẹ.

Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Idayatou. Bí wárápá bá gbé e ṣánlẹ̀, á jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àánú ló ṣe é. Ó ń yan ẹja rẹ̀, ara rẹ̀ le. Ó ń pọn omi, ara rẹ̀ le. Bí ara rẹ̀ ti ń le sí i ni ẹjọ́ ń dì mọ́ ọn lọ́rùn. Liamidi ọkọ wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń fá pákó. Irú ọkọ wo nìyẹn, Ọlọ́run mi!

Mariamou gan-an ńkọ́? Lọ́sàn-án, tó bá rí ìyáálé rẹ̀ tó ń bu ọbẹ̀ fún Moustapha, ọkàn rẹ̀ á yọ́, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Tó bá ṣe díẹ̀, á rántí ọmọ mẹ́ta tó wà nínú ilẹ̀, á pe Moustapha pé, "Wá jẹun níbí." Idayatou rí i. Ó dẹ́kun bíbu ọbẹ̀ fún ọmọ náà.

Wọ́n pe Idayatou sábẹ́ igi máńgòrò, ibi kan náà tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́. Dẹlẹgé jókòó sórí àga, àwọn obìnrin àdúgbò tò síwájú rẹ̀. Idayatou ní ẹ̀kọ́ ni òun fi ṣe, kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá. Wọ́n ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì lọ ṣiṣẹ́ ní òkè àríwá. Ó ní kí wọ́n bi àwọn obìnrin tí wọ́n jọ gbọ́ ọ.

Dẹlẹgé bi wọ́n. Àkọ́kọ́ ní òun wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n oorun ń kun òun. Èkejì ní ọmọ ẹ̀yìn òun ń sunkún. Èyí tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ní òun kò rántí. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tó bá ní òun náà mọ̀ ọ́n ṣe, á jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

"Rẹfolúsíọ̀n kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní àjẹ́," ni dẹlẹgé wí, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọláńgidi wá lọ́jọ́ náà. "Kámárádì Mariamou, ìwọ lo ni ọmọ. Ṣé wọ́n kọ́ yín?"

Idayatou yí ojú sí i. Kò bẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́jú sí i. Ó kàn ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń dúró de owó ọbẹ̀ tí kò ṣiyèméjì pé wọ́n á fún òun. Mariamou mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́ wa. Ìyẹn náà ni. Ó wo Ìyá Àgbà. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀. Ó ronú pé bí wọ́n bá mú òun náà, ta ni yóò máa fi aṣọ wé ọwọ́ gbé Moustapha?

"Mi ò mọ̀," ni Mariamou wí.

Yéè! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Idayatou wò ó díẹ̀ sí i, ó wá gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, apá rẹ̀ kan kò sì gbéra dáadáa mọ́. Ẹrù rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Liamidi ló dì í, ó dì í dáadáa, okùn rẹ̀ ò tú. Idayatou gbé e rù, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Dowa, àdúgbò mìíràn ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bouraïma.

Láti ọjọ́ náà lọ, Mariamou kò gbàgbé ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá omi rí. Bó bá ń fọṣọ, á fi ìgbànú so ọwọ́ Moustapha mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, síbẹ̀ kò tú ìgbànú náà. Wọ́n ní àjẹ́ ti lọ, wárápá yóò lọ. Wárápá ò lọ o. Ó ń gbé ọmọ ṣánlẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀, Mariamou ń rí i, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ojú ń tì í débi pé bó bá fẹ́ lọ sọ́jà, yóò yí gba àdúgbò Djègan-Kpèvi kí ó má baà kọjá ní Dowa.

Oyún mìíràn dé. Oyún náà ń rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan lásìkò òjò, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó jókòó sórí àpótí pé kí òun fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Moustapha jáde. Lẹ́yìn ilé, omi òjò ti kún gọ́tà, àwọn ọmọdé ń fi sálúbàtà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Wárápá gbé e níbẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ nínú omi tí kò dé orúnkún ọmọdé. Àwọn ọmọ wo itọ́ tó ń hó, wọ́n sì ṣe ohun tí ìyá wọn kọ́ wọn. Wọ́n sá. Ọmọdébìnrin kan ló wá jí Mariamou níkẹyìn.

Ó gbé e jáde. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi aṣọ wé ọwọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun sẹ́yìn. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé ẹnu lé e lẹ́nu. Itọ́ náà tutù. Ó fẹ́ èémí sí i. Atẹ́gùn gba imú ọmọ padà sí òun fúnra rẹ̀ lójú. Ó di imú náà mú, ó tún fẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú bọ́ńbọ́, àyà rẹ̀ kò gbéra. Ó fi ọwọ́ tẹ àyà bó ti rántí, ó tún fẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló tún wú. Ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì sọ. Ohun kan. Mariamou wá a káàkiri inú orí rẹ̀, ẹ̀rín ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ kígbe? Ìyá Àgbà ni. "Ẹ lọ pe Idayatou! Liamidi, lọ bẹ̀ ẹ́ kó wá tú u! Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un!"

Liamidi gun mobílẹ́ẹ̀tì, ó sá lọ sí Dowa. Mariamou kò dúró, ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, títí ètè rẹ̀ fi bó. Nígbà tí Idayatou dé, láìwé gèlè, láìwọ bàtà, ara ọmọ ti tutù. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀, ó fi apá kan tó dára ṣiṣẹ́ títí òógùn fi bò ó, lójú àwọn tó lé e jáde. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú Moustapha dé.

Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Ó kọ̀. Ó ní òun ò tú u."

Mariamou dìde tòun ti oyún. "Ẹ pa ẹnu yín mọ́! Wọ́n kọ́ wa! Gbogbo wa la jọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ìwọ, ìwọ, èmi! Mo mọ̀, mo ní mi ò mọ̀!" Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyá, kò sẹ́ni tó dè é. Kò sẹ́ni tó dè é rí!" Àwọn ọkùnrin lọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin ọmọ náà kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Mariamou dá lọ sí Dowa. Ó bá Idayatou tó jókòó sórí ẹní, tó ń pa ẹ̀pà. Ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, kò lè wọlé.

"Jókòó, ìyàwó," ni Idayatou wí. "Má fi oyún kúnlẹ̀."

Mariamou jókòó. Ẹkún gbọ̀n ọ́n títí. Nígbà tó ṣeé ṣe fún un láti sọ̀rọ̀, ó sọ gbogbo bó ṣe ṣe é: ẹnu, imú, àyà, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń wú. "Ìyáálé mi, kí ni mo gbàgbé?"

Idayatou pa ẹ̀pà bíi mélòó kan kó tó dáhùn. "O kò gbàgbé nǹkan kan. Ọlọ́run ló fún ọ, òun ló gbà á. Àkókò rẹ̀ ló tó."

"Ẹ ṣeun, mà." Mariamou nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Nítorí eléyìí." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

Idayatou kò fẹ́. Èèyàn lè rí i lójú rẹ̀ pé kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo ikùn náà, ó sì fa ìró kan sọ́dọ̀, ó ká a, ó so ó lọ́rùn kó ní orí bí ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó mú ọwọ́ Mariamou, ó fi ọ̀kan sábẹ́ àgbọ̀n aṣọ náà, ó fi èkejì lé e níwájú orí, ó sì tì í. Orí aṣọ náà lọ sẹ́yìn, ọ̀fun rẹ̀ nà tààrà.

Ọwọ́ Idayatou dúró síbẹ̀, lórí ọwọ́ Mariamou. Àwọn méjèèjì ń wo aṣọ náà.

"Èyí ni ohun kan tí nọ́ọ̀sì sọ," ni Mariamou wí.

Idayatou tún orí aṣọ náà tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó mú ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

"Tún un ṣe," ló wí.

Mariamou tún un ṣe.